Àwọn Tí Wọ́n Lúgọ De Ẹyẹ Láìmú Ìbọn Dání

Ibùba kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Ọdẹ tí ó bá fẹ́ pa ẹran tí ń wá mu omi ní ipadò kì í dúró sí gbangba. Yóò wá ìdí igi tí ewé ti bò, tàbí kí ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ta àtíbàbà kékeré kan, yóò lúgọ síbẹ̀, yóò sì máa retí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí jẹ mọ́ irú ibùba bẹ́ẹ̀, àfi pé àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò mú ìbọn dání. Kámẹ́rà ni wọ́n gbé, ẹyẹ ni wọ́n sì ń dúró dè.

Ẹni tí ó ń wo àwòrán ẹyẹ lórí fóònù rẹ̀ lè rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn, ẹnì kan wà tí ó ká ẹsẹ̀ kò fún wákàtí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú àpótí igi tàbí àgọ́ aṣọ, tí kò gbọdọ̀ wúkọ́, tí kò gbọdọ̀ sín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń ka ìtàn wọn ni pé, ta ni ó san owó àwòrán náà gan-an? Ṣé ayàwòrán ni, àbí ẹyẹ?

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ onímọ̀ nípa ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn ni yóò kọ́kọ́ rà. Yóò yìnbọn pa ẹyẹ, yóò bó awọ rẹ̀, yóò ki òwú sínú rẹ̀, yóò sì gbé e sínú àpótí onídígí. Àwọn mìíràn a máa kó ẹyin: wọn a lu ihò sí i lára, wọn a fẹ́ ohun inú rẹ̀ dà nù, wọn a sì to èèpo rẹ̀ jọ bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tí ń fi ọ̀dà ya ẹyẹ sínú ìwé pàápàá, òkú ẹyẹ ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ síwájú. Kámẹ́rà ti wà láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n àpótí igi ńlá ni, orí àwo dígí ni àwòrán ń hàn sí, ojú rẹ̀ kò sì lè fa ohun tí ó jìnnà mọ́ra bí ti òde òní. Ẹyẹ tí ó bá wà ní ogún ìṣísẹ̀ sí i, àmì tó-tò-tó lásán ni yóò jẹ́ nínú àwòrán. Ayàwòrán ní láti gbé kámẹ́rà dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí ìtẹ́. Ẹyẹ wo ni yóò gbà bẹ́ẹ̀?

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ni ó wá ìdáhùn sí i. Richard Kearton ni ẹ̀gbọ́n, wọ́n bí i ní 1862; Cherry ni àbúrò, wọ́n bí i ní 1871. Abúlé Thwaite ní àfonífojì Swaledale, ní Yorkshire, ni wọ́n ti dàgbà. Richard ti ṣubú láti orí igi nígbà tí ó wà lọ́mọdé, níbi tí ó ti ń wá ìtẹ́ ẹyẹ kiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì gún mọ́ títí ó fi kú. Iṣẹ́ gbé àwọn méjèèjì dé Lọ́ńdọ̀nù, sí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Cassell. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin ọdún 1892, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, Cherry ya àwòrán ìtẹ́ ẹyẹ kan tí ẹyin wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1895 ìwé wọn, British Birds' Nests, jáde: Richard ni ó kọ ọ́, Cherry ni ó ya àwòrán rẹ̀, kò sì sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé fọ́tò tí a yà nínú ìgbẹ́ ni ó kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìtẹ́ kì í sá, ẹyin kì í fò. Ẹyẹ fúnra rẹ̀ ni ìṣòro. Àwọn Kearton rò ó pé ohun tí ẹyẹ bá ti ń rí lójoojúmọ́ kò ní í bà á lẹ́rù mọ́. Kí sì ni ẹyẹ ń rí nínú pápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju màlúù lọ? Ní 1900 wọ́n ní kí Rowland Ward ní Piccadilly, ògbóǹtarìgì nínú fífi awọ òkú ẹran ṣe ère, bá wọn fi awọ màlúù bo egungun igi, kí ó sì jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo. Ayàwòrán yóò wọ inú màlúù yìí, yóò tẹ̀ ba, ojú kámẹ́rà yóò sì yọ síta láti inú ihò kan ní igbá àyà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé eégún rí yóò mọ bí inú agọ̀ ṣe ń gbóná. Kí ó wá ro bí inú awọ màlúù ṣe máa rí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láìsí ìlù, láìsí ijó, tí ènìyàn kò tilẹ̀ lè nà tàntàn. Ní ọjọ́ kan Richard pẹ́ jù níbẹ̀, ó dákú, òun àti màlúù sì ṣubú lulẹ̀. Fọ́tò màlúù náà níbi tí ó ti na ẹsẹ̀ sókè ṣì wà títí di òní. Yàtọ̀ sí màlúù, wọ́n ṣe àgùntàn, wọ́n ṣe kùkùté igi oníhò, wọ́n sì ṣe òkìtì ìdọ̀tí.

Ènìyàn lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ti rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn tí ó tẹ̀lé wọn wá rí ni pé màlúù kò tilẹ̀ pọn dandan. Ìrísí ènìyàn àti ìmìtìtì ara rẹ̀ ni ẹyẹ ń bẹ̀rù. Bí àgọ́ aṣọ lásán bá dúró sójú kan fún ọjọ́ mélòó kan láìmira, ẹyẹ yóò kà á mọ́ ohun tí ó wà nínú pápá, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ìwà àwọn Kearton tí mo bọ̀wọ̀ fún: ara tiwọn ni wọ́n fi jìyà. Wọn kò ní kí ẹyẹ jì í fún wọn.

Ní Amẹ́ríkà, fìlà obìnrin ni ó sọ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà àti ẹyẹ di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní 1886, Frank Chapman rìn kiri àwọn òpópónà New York, ó ń ka fìlà orí àwọn obìnrin bí wọ́n ti ń kọjá. Nínú 700 fìlà tí ó kà, 542 ni ìyẹ́ ẹyẹ wà lára wọn, irú ẹyẹ tí ó sì dá mọ̀ níbẹ̀ tó 40. Àwọn ẹyẹ funfun tí wọ́n jẹ́ ìbátan lékèélékèé wà lára àwọn tí ó jìyà jù, nítorí pé àsìkò tí wọ́n bá ń bímọ ni ìyẹ́ gígùn tí àwọn oníṣòwò ń fẹ́ máa ń hù sí wọn lẹ́yìn. Bí wọ́n bá pa ìyá, ebi ni yóò pa ọmọ nínú ìtẹ́.

Chapman náà gbé kámẹ́rà. Agbòòrùn ńlá ni ó fi ṣe ibùba tirẹ̀: ó ta aṣọ yí i ká dé ilẹ̀, ó sì jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ní etí òkun Oregon, William Finley àti Herman Bohlman gun àpáta Three Arch Rocks ní 1903, wọ́n sì pàgọ́ síbẹ̀ láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ òkun, nígbà tí àwọn aláfẹ́ ń fi ọkọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ àpáta láti yìnbọn pa ẹyẹ ṣeré. Ní 1905 wọ́n lọ sí adágún Klamath, níbi tí àwọn apẹyẹ tí ń ta ìyẹ́ ti ń ṣọṣẹ́. Àwọn àwòrán wọn dé ọwọ́ Ààrẹ Theodore Roosevelt. Ní 1907 ó kéde Three Arch Rocks ní ibi ààbò fún ẹyẹ. Ní 1908 Klamath Lake àti Malheur tẹ̀lé e. Kí á má tan ara wa jẹ, àwòrán nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ Audubon ti ń jà fún òfin, Roosevelt sì ti sọ Pelican Island ní Florida, erékùṣù àwọn ẹyẹ òfú, di ibi ààbò láti 1903. Olùṣọ́ kan, Guy Bradley, tilẹ̀ bá iṣẹ́ náà lọ: wọ́n yìnbọn pa á ní Florida ní 1905. Ṣùgbọ́n òkú ẹyẹ inú àpótí kò lè fi han ààrẹ bí àpáta kan ti rí nígbà tí ẹyẹ bò ó láti orí dé ìdí. Fọ́tò lè fi í hàn.

Kí á padà sí Ìlú Ọba, nítorí obìnrin kan tí àwọn òpìtàn sábà máa ń fò dá. Emma Louisa Turner, tí wọ́n bí ní 1867, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán lẹ́yìn tí ó pàdé Richard Kearton ní 1900. Àbàtà Norfolk Broads ni ó fi ṣe ibùjókòó. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé níbẹ̀ bí ilé, ó sọ ọkọ̀ náà ní Water Rail, orúkọ ẹyẹ àbàtà kan, ó sì ń lúgọ láàrin koríko etí omi. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní bittern. Àwọ̀ rẹ̀ jọ koríko gbígbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìrí i, ohùn akọ rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu akèrègbè. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí bittern kò bímọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ní 1911, Turner àti Jim Vincent, tí ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ àbàtà náà, rí ọmọ rẹ̀ kan nínú koríko, Turner sì ya á. Àwòrán yẹn ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ẹyẹ náà ti padà wá tẹ́ ìtẹ́.

Ní 1924 ó lọ ń gbé ní erékùṣù Scolt Head gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, òun nìkan nínú ahéré, kí ẹnikẹ́ni má baà da àwọn ẹyẹ òkun láàmú ní àsìkò ẹyin. Àwọn ìwé ìròyìn sọ ọ́ ní obìnrin tí ó dá wà jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dà bí ẹni pé àwọn oníròyìn kò ka gbogbo ẹyẹ tí ó yí i ká mọ́ alábàágbé. Lójú tèmi, òun ni ó kọ́kọ́ fi hàn kedere pé ẹni tí ń ya ẹyẹ lè jẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ ẹyẹ, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì wúlò fún wa níwájú.

Orúkọ tí ó wá gbajúmọ̀ lẹ́yìn tirẹ̀ ni Eric Hosking. Ní oṣù Karùn-ún 1937, ní Wales, ó ti to igi gogoro sókè nítòsí ìtẹ́ òwìwí kan, ó sì gbé ibùba aṣọ sí orí rẹ̀. Bí ó ti ń gòkè lọ nínú òkùnkùn, òwìwí já lé e lójú láìdún rárá, èékánná rẹ̀ sì wọ ojú òsì rẹ̀. Ojú náà kẹ̀. Ó di pé kí ó yan: kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí ó fi ojú kejì wewu. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ojú kan tí ó kù ni ó sì fi ń ya ẹyẹ títí ó fi darúgbó. Nígbà tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1970, An Eye for a Bird ni ó pè é. Òwìwí kò jẹ̀bi o. Ẹni tí ó lọ sí ẹnu ọ̀nà ọlọ́mọ ní òru ni ó wá ìjà.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ìtàn Hosking, bóyá nítorí pé gbèsè náà hàn gbangba nínú rẹ̀. Èyí tí kì í hàn ni ti àwọn ẹyẹ tí kò ní èékánná. Kí ìtẹ́ tó lè hàn dáadáa nínú àwòrán, ayàwòrán ní láti tu ewé tí ó bò ó. Olóòótọ́ yóò fi okùn so ẹ̀ka náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò sì tú u padà bí ó bá parí. Aláìbìkítà yóò gé e dà nù. Oòrùn yóò wá máa pa ọmọ ẹyẹ lára, àwọn ẹyẹ tí ń jẹ ẹyin yóò sì rí ohun tí ìyá ti fi pamọ́. Bí wọ́n bá gbé ibùba sún mọ́ ọn jù tàbí tí wọ́n bá yára jù, ìyá lè kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tutù. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ a máa gbé àgọ́ sí ọ̀nà jíjìn, wọn a sì máa sún un díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ènìyàn méjì ni yóò rìn lọ síbẹ̀, ọ̀kan yóò wọlé, ìkejì yóò sì padà lọ ní gbangba, nítorí pé ẹyẹ tí ó bá rí i tí ènìyàn ń lọ a máa rò pé ewu ti kúrò. Ìmọ̀ yìí gba sùúrù, nígbà tí kámẹ́rà sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà, sùúrù kò sí nínú owó tí wọ́n rà á. Òfin ní láti dá sí i. Òfin Ìdáàbòbò Ẹyẹ ti ọdún 1954 fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ti 1967 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti da àwọn ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n láàmú nídìí ìtẹ́ wọn. Ti 1981 tún un tò. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ya irú àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ nídìí ìtẹ́ ní láti gba ìwé àṣẹ.

Ibi tí mo rò pé ìtàn yìí ti yí padà ni etí adágún Loch Garten ní Sikọ́tílándì. Osprey, idì tí ń pẹja jẹ, ni wọ́n ti pa run níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní nǹkan bí 1954, díẹ̀ nínú wọn padà wá tẹ́ ìtẹ́. Ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí RSPB, tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1889 láti gbógun ti ọjà ìyẹ́, fi ibi tí ìtẹ́ wà ṣe àṣírí. Wọ́n fi olùṣọ́ sínú ibùba, tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀, ní òru ọjọ́ kan ní 1958, olè kan gun igi náà, ó kó ẹyin, ó sì fi ẹyin adìyẹ tí wọ́n fi pọ́líìṣì bàtà kùn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n lé e, kò ṣeé mú. Ẹyin tí ó jí fọ́ lọ́nà.

Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, George Waterston, tí ó ń darí ẹgbẹ́ náà ní Sikọ́tílándì, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó tú àṣírí. Ó kéde fún gbogbo ayé pé idì wà ní Loch Garten, ó kọ́ ibùba sí ọ̀nà tí kò sún mọ́ ìtẹ́ jù, ó sì ní kí gbogbo ènìyàn wá wò ó. Ènìyàn 14,000 ni ó wá ní ọdún 1959 yẹn nìkan, àwọn ọmọ idì sì dàgbà fò. Olè kò rọrùn láti wọ ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ti ń wò. Láti ìgbà náà, àwọn tí ó ti lọ síbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì. Idì ọ̀hún kì í sì í ṣe ti Sikọ́tílándì nìkan: bí òtútù bá dé, apá ìhà tiwa, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà lọ, wọn a sì máa pẹja ní etí òkun Senegal àti Gambia títí ìgbà ìrúwé yóò fi padà.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Minsmere, ní Suffolk, lọ́nà mìíràn. Ní 1940, nítorí ìbẹ̀rù pé ọmọ ogun Jámánì lè gba etí òkun wọlé, wọ́n jẹ́ kí omi bo pápá oko ibẹ̀. Nígbà tí ogun parí, avocet, ẹyẹ funfun tí àwọ̀ dúdú wà lára rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sókè, tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀ ní 1947, lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò ti bímọ ní ilẹ̀ náà dáadáa. Bert Axell di olùṣọ́ ibẹ̀ ní 1959. Láti 1962 ni ó ti ń gbẹ́ adágún tí kò jìn, tí erékùṣù kéékèèké kún inú rẹ̀, ó sì to ilé onígi tí fèrèsé wọn rí tóóró yí i ká. Axell kò gbé ibùba lọ bá ẹyẹ. Ó kọ́ ilé fún ẹyẹ níwájú ibùba. Ènìyàn ni ó há mọ́ inú àpótí, ẹyẹ ni ó wà ní gbangba, ibùba náà kì í sún, ẹyẹ sì mọ̀ ọ́n bí ó ti mọ òkìtì ilẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n fi ohun kan ṣe ẹ̀bùn fún gbogbo ibi ààbò ẹyẹ láyé, màlúù àwọn Kearton kọ́ ni n óò mú. Fèrèsé tóóró Axell ni.

Lóde òní, ibùba tún ti di òwò. Bence Máté, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì, tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Wildlife Photographer of the Year ní 2010, sọ ibùba onídígí di olókìkí: ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ń rí ẹyẹ, ẹyẹ kò rí i. Àwọn ayàwòrán ń sanwó láti jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Níwájú irú ibùba bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbẹ́ adágún kékeré sílẹ̀ kí ẹyẹ wá mu omi, kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ń ju eku láàyè sílẹ̀ kí òwìwí lè já lé e níwájú kámẹ́rà. Ìdíje tí mo dárúkọ yìí kì í gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ohun tí a fi ìjẹ tàn wá kò jìnnà sí ohun tí pańpẹ́ mú.

Ọ̀dọ̀ wa náà ní ibùba. Nínú Lekki Conservation Centre, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990 lórí hẹ́kítà 78, ọ̀kan wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wo ẹyẹ. Láti 2015 tí wọ́n ti ṣí afárá òkè igi tí ó gùn tó mítà 401, afárá ni ó kún ẹnu ènìyàn, fọ́tò ara wọn ni ọ̀pọ̀ sì ń yà lórí rẹ̀. N kò bá wọn wí. Owó ẹnu ọ̀nà ń bọ́ ọgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan wà tí ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀gà, dúdú tí pupa wà lórí àti àyà rẹ̀. J. H. Elgood, tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ìgbà náà, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ayé ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé, igbó IITA ní Ìbàdàn sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ó ṣẹ́kù fún un. Òkè igi ni ó ń gbé. Ibùba orí ilẹ̀ kò ní í tó o. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya á dáadáa yóò ní láti to igi gogoro bí Hosking, kí ó gbé ibùba rẹ̀ jìnnà díẹ̀ bí Waterston, kí ó sì jẹ́ kí ó dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí òun tó gun un.